Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti Ìpákodò: bí mo ṣe gba gíláàsì iwájú ọkọ̀ ojú omi mi lọ́wọ́ ìrì àti èémí èrò

Ọkọ̀ tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí jẹ́ ọkọ̀ fáíbà tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 25, tó ní òrùlé, tí ẹ́ńjìnnì Yamaha 75 kan ń tì láti ẹ̀yìn. Èrò mẹ́wàá ló ń kó. Bí a bá ka èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi mọ́ wọn, a di méjìlá. Èbúté Ìpákodò ní Ìkòròdú la ti ń gbéra, a ó ré ọ̀sà Èkó kọjá, a ó máa wo Afárá Third Mainland lápá ọ̀tún wa títí a ó fi gba abẹ́ rẹ̀ lọ sí Èbúté Èrò. Ojú mẹ́ta ni gíláàsì iwájú rẹ̀ pín sí. Èyí tó wà láàárín, tí mo ń wò tààrà, jẹ́ gíláàsì gidi. Méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́ Perspex, ìyẹn ike líle tó mọ́ gaara bí gíláàsì, nítorí pé ó ṣe é tẹ̀ bá ìrísí ọkọ̀ mu.

Ọjọ́ 9, oṣù Kọkànlá

A gbéra ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Mo ti fi tówẹ̀lì nu gíláàsì kí èrò tó wọlé, ó sì mọ́ kedere. Otútù mú díẹ̀, omi sì ń ta sára àwọn tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí náà wọ́n ní kí a sọ tapólì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kalẹ̀. A kò tíì rìn tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí gíláàsì náà fi funfun bí ẹni pé wọ́n da ẹ̀kọ mímu sí i lára. Mo ń fi ọwọ́ kan tukọ̀, mo ń fi ọwọ́ kejì nù ún, ibi tí mo bá sì nù tún ti ń funfun kí n tó gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi tó wà ní imú ọkọ̀ ló figbe ta: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ yà á! Ẹ yà á!" Mo yà á. Ọkọ̀ onígi kékeré kan ló wà níwájú wa, bàbá apẹja kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń fa àwọ̀n rẹ̀ wọlé. Àyè tó kù láàárín wa kò ju ìwọ̀n gígùn ọkọ̀ mi méjì lọ.

Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo yíjú padà, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Bàbá náà kò bú mi. Ohun tí wọ́n sọ kò ju pé, "Ọmọ mi, ṣé o ò rí mi ni?" N kò rí èsì fọ̀ fún wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti dá ìrìn àárọ̀ kùtù dúró, mo ní aago mẹ́jọ ni a ó máa gbéra títí ọ̀rọ̀ gíláàsì yìí yóò fi yé mi.

Ọjọ́ 11, oṣù Kọkànlá

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo jókòó sínú ọkọ̀ láti aago márùn-ún àárọ̀, láìnu ohunkóhun. Mo fi ìka fa ìlà kan sára gíláàsì láti inú, ìlà náà kò hàn. Omi wà, ṣùgbọ́n ìta ló wà. Lẹ́yìn náà ni mo pe ọmọ iṣẹ́ mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́fà wọlé, a sọ tapólì kalẹ̀, a sì ń tàkúrọ̀sọ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí mo tún fi ìka fa ìlà, ìlà náà hàn ketekete. Èyí fi hàn pé ọ̀tá méjì ni mo ní, tí mo sì ti ń pè wọ́n ní orúkọ kan láti ọjọ́ yìí wá. Ìrì ń sẹ̀ sí ìta láti òru. Èémí èrò ń di omi nínú lẹ́yìn tí a bá ti gbéra. Tówẹ̀lì tí mo fi ń nu ìta ní àárọ̀ kò lè ṣe ohunkóhun sí èyí tí kò tíì dé.

Ọjọ́ 12 sí ọjọ́ 20, oṣù Kọkànlá

Mo ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn ooru àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, mo sì yá ẹ̀rọ ìwọn-ooru oníbọn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Ẹ̀rọ oníbọn yìí lè tan ènìyàn jẹ tí a bá kọjú rẹ̀ sí gíláàsì lásán, nítorí pé gíláàsì a máa dá díẹ̀ lára ìtútù ojú ọ̀run padà sínú rẹ̀. Mo lẹ tépù dúdú kékeré kan mọ́ igun gíláàsì, tépù náà ni mo sì ń wọ̀n.

Ní ọjọ́ 15, ní aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀, afẹ́fẹ́ ìta wà ní 24.1°C, ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún. Afẹ́fẹ́ tó bá rí báyìí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ omi rẹ̀ sílẹ̀ lára ohunkóhun tó bá tutù ju nǹkan bí 22.9°C lọ. Gíláàsì mi wà ní 21.7°C. Báwo ni gíláàsì ṣe tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ? Ojú ọ̀run ló fà á. Ní òru tí kò sí ìkùukùu, ohun gbogbo tó bá kọjú sókè ń tú ooru ara rẹ̀ dà sí òfurufú láìrí tó bẹ́ẹ̀ gbà padà, gíláàsì iwájú ọkọ̀ tó sì dagun sẹ́yìn kọjú sí ọ̀run ju bí ó ṣe kọjú sí omi lọ. Ìdí kan náà nìyẹn tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí a gbé sábẹ́ igi máńgòrò fi ń jí ní gbígbẹ, nígbà tí èyí tó wà ní gbangba ìta ń jí bí ẹni pé òjò rọ̀ sí i. Ní ọjọ́ 18, ìkùukùu bo ojú ọ̀run mọ́jú, ìrì kò sì sẹ̀ sí gíláàsì rárá, bẹ́ẹ̀ ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà kò yàtọ̀ sí ti àwọn ọjọ́ yòókù.

Ọjọ́ 23, oṣù Kọkànlá

Èyí ni àwárí tí mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń tukọ̀ lórí ọ̀sà Èkó fara balẹ̀ kà á. Mo ti ń ṣàkíyèsí pé ní àwọn alẹ́ kan, gíláàsì ti ń rin láti aago mẹ́wàá alẹ́, nígbà tí kò tíì sí ìrì lára ohunkóhun mìíràn. Mo fi omi bọ́húùlù fọ ìdajì gíláàsì àárín lálẹ́, mo fi ìdajì kejì sílẹ̀ bó ṣe wà. Ní aago mẹ́wàá, ìdajì tí mo fọ̀ gbẹ táútáú. Ìdajì kejì ti rin, ó sì ń lẹ̀ mọ́wọ́. Mo fi ahọ́n tọ́ ọ wò: iyọ̀ ni.

Ní àkókò òjò, omi odò tó ń ṣàn wọ ọ̀sà pọ̀ gan-an, omi rẹ̀ a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máà ní iyọ̀ ní ọ̀dọ̀ tiwa. Bí òjò bá ti dá, omi òkun a bẹ̀rẹ̀ sí í ráyè wọlé, iyọ̀ inú ọ̀sà a sì máa pọ̀ sí i títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi parí. Omi tó ń ta sára gíláàsì á gbẹ, iyọ̀ rẹ̀ á ṣẹ́kù síbẹ̀. Iyọ̀ kì í dúró de ìrì: bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ti ń fa omi mọ́ra nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí gbogbo obìnrin tó ń dáná ní Èkó ṣe mọ̀ nípa iyọ̀ tí a kò dé ní ìdérí. Ní etí ọ̀sà, díẹ̀ ni alẹ́ tí ọ̀rinrin kì í kọjá ìwọ̀n yẹn. Láti ìgbà yẹn, kò sí alẹ́ kan tí a kò fi omi tí kò níyọ̀ ṣan gbogbo gíláàsì náà kí a tó lọ sílé. Gálọ́ọ̀nù omi kan tó fún un.

Ọjọ́ 2, oṣù Kejìlá

Mo rán aṣọ tapólì kan láti bo gíláàsì mọ́jú. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, mo tẹ́ ẹ lé gíláàsì lórí tààrà, mo sì so ó mọ́lẹ̀. Èyí kò dára. Tapólì náà tutù, ó sì mú kí gíláàsì tí ó lẹ̀ mọ́ tutù pẹ̀lú rẹ̀. Omi wà láàárín àwọn méjèèjì, eruku ọyẹ́ tó wọ abẹ́ rẹ̀ sì fá ojú Perspex ọwọ́ òsì nígbà tí atẹ́gùn ń mì ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa eruku yìí. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni atẹ́gùn ọyẹ́ ti ń gbé e wá, yanrìn kíkúnná sì wà nínú rẹ̀ tó le ju Perspex lọ fíìfíì, tó tún le ju gíláàsì fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi aṣọ gbígbẹ nu eruku ọyẹ́ kúrò lára Perspex ń fi yanrìn ha á ni. Àpá wẹ́wẹ́ yẹn kì í hàn lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n bí oòrùn àárọ̀ bá ti kọjú sí i, gbogbo rẹ̀ á máa tàn yanranyanran, ènìyàn kò sì ní rí nǹkan kan lódì kejì.

Mo wá fi páìpù PVC onídajì ínṣì kan férémù tí ó gbé tapólì náà kúrò lára gíláàsì ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, mo sì fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa rìn. Ìrì ń sẹ̀ sí ẹ̀yìn tapólì, gíláàsì tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò sì rí ojú ọ̀run mọ́. Ní ọjọ́ 4, ní aago márùn-ún ààbọ̀ kan náà, gíláàsì wà ní 23.8°C nígbà tí afẹ́fẹ́ wà ní 24.0°C, ó sì gbẹ. Inú mi dùn débi pé mo pe ọmọ iṣẹ́ mi kí ó wá fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ 8, oṣù Kejìlá

Ó ku ti inú. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ń mí omi jáde, ó sì ń làágùn díẹ̀, gbogbo rẹ̀ a máa tó nǹkan bí 40 sí 50 gíráàmù láàárín wákàtí kan. Ènìyàn méjìlá ní wákàtí kan yóò tú omi tó tó nǹkan bí ìdajì lítà sínú afẹ́fẹ́ ọkọ̀, ìyẹn ni pé omi píọ̀ wọ́tà ọ̀rá kan wà tó ń wá ibi tútù tí yóò bà lé. Gíláàsì tí atẹ́gùn àti omi ń nà láti ìta ni ibi tútù náà.

Mo ra fáànù kọ̀ǹpútà méjì, oní-sẹ̀ǹtímítà 12, tó ń lo iná bátìrì 12 fóòtì. Àwọn méjèèjì kò jẹ ju ìdajì áńpù kan lọ, bátìrì ọkọ̀ kò sì lè mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Rìwáyà tó bá mi ṣe é fi fíúùsì áńpù mẹ́ta sí i, ó sì lo wáyà bàbà tí wọ́n fi tánganran (tin) bò, nítorí pé bàbà lásán kì í pẹ́ di aláwọ̀ ewé nínú ọkọ̀ ojú omi. Mo gé ojú tóóró kan, mìlímítà mẹ́rin ní fífẹ̀, sí ara páìpù kan tó gùn ní 60 sẹ̀ǹtímítà, mo tẹ́ ẹ sí ìdí gíláàsì àárín, mo sì so fáànù mọ́ ọn kí afẹ́fẹ́ lè máa gun ojú gíláàsì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Ìdánwò pẹ̀lú èrò ní ọjọ́ 9: ó dára díẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú ogún gíláàsì tún funfun ní òkè. Inú ọkọ̀ ni mo ti ń fa afẹ́fẹ́ náà. Èémí kan náà ni mo ń gbé yí ká.

Ọjọ́ 13, oṣù Kejìlá

Mo yí i padà kí fáànù máa fa afẹ́fẹ́ láti ìta. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo sọ èyí fún ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, afẹ́fẹ́ ìta tó ti rin tán, ṣé òun lẹ fẹ́ fi gbẹ gíláàsì?" Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú ìṣirò. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ wà ní 29°C pẹ̀lú ọ̀rinrin ìdá 85: ó gbé nǹkan bí 24 gíráàmù omi sínú mítà onígun mẹ́ta kan, ó sì ń di omi lára ohun tó bá tutù ju 26°C lọ. Afẹ́fẹ́ ìta wà ní 24°C pẹ̀lú ọ̀rinrin ìdá 90: omi inú rẹ̀ kò tó 20 gíráàmù. Gíláàsì wà ní bí 24 sí 25°C. Afẹ́fẹ́ ìta kò lè sọ omi sára gíláàsì tí kò tutù jù ú lọ, bó ti wù kó rin tó. Ti inú ló lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ gidi níbí ni bí omi ọ̀sà kò ṣe ní bá afẹ́fẹ́ wọlé. Oníṣẹ́ fáíbà kan bá mi ṣe àpótí kékeré kan sábẹ́ imú ọkọ̀, tí a fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì dábùú rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè yí kọ́nà lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dé páìpù. Omi kò lè yí kọ́nà bẹ́ẹ̀. Yóò kọlu pákó, yóò sì ṣàn jáde láti inú ihò tí a lu sí ìsàlẹ̀ àpótí. Lẹ́yìn èyí, mo gé àlàfo kan sí òkè tapólì ẹ̀yìn, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí kò rí ọ̀nà jáde kò ní wọlé.

Ní ọjọ́ 15 ni mo tún gbéra ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Èrò mẹ́wàá wà nínú ọkọ̀, tapólì ẹ̀gbẹ́ wà nílẹ̀. Títí a fi dé Èbúté Èrò, gíláàsì àárín kò funfun. Igun méjì lókè funfun díẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ páìpù kò dé, ṣùgbọ́n wọn kò sí ní ojú ọ̀nà mi.

Ọjọ́ 17 sí ọjọ́ 21, oṣù Kejìlá

Fún àwọn Perspex ẹ̀gbẹ́ tí kò ní fáànù, mo lo ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́. A ó kán ẹ̀kán kan sí aṣọ rírọ̀ tó rin díẹ̀, a ó fi pa ojú inú rẹ̀, a ó sì máa nù ún pẹ̀lẹ́ títí yóò fi mọ́ gaara. Ọṣẹ náà kì í dá omi dúró. Ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí omi kó ara jọ di ẹ̀kán wẹ́wẹ́. Omi á tẹ́ bí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ojú á sì ríran kọjá. Ó ń tó ọjọ́ kan, nígbà mìíràn méjì, kí a tó tún un pa. Mo gbìyànjú ọṣẹ dúdú nítorí pé òun ni gbogbo ènìyàn ń dárúkọ, ṣùgbọ́n ó fi àbàwọ́n pípọ́n sílẹ̀ tó ṣòro láti nù kúrò, n kò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀ fún èyí.

Ní ọjọ́ 19, nígbà tí n kò sí nílé, ọmọ iṣẹ́ mi fi tínà nu Perspex ọwọ́ òsì kí ó lè mọ́ dáadáa. Iṣẹ́ rere ló rò pé òun ń ṣe. Èmi ni n kò kọ́ ọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìlà wẹ́wẹ́ ti là káàkiri inú rẹ̀ bí ilẹ̀ gbígbẹ. Tínà, pẹtiróòlù, sípírítì àti ọṣẹ gíláàsì tó ní amóníà, gbogbo wọn ni kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ Perspex.

Mo ra Perspex tuntun tó nípọn ní mìlímítà mẹ́fà, tó sì gùn ní mítà kan. Ẹni tó bá ń fi í sí ọkọ̀ kí ó rántí pé Perspex ń fẹ̀ nínú oòrùn ju fáíbà lọ. Láti àárọ̀ kùtù títí di ọ̀sán gangan, ooru ara rẹ̀ lè fi 20°C gòkè, gígùn mítà kan yóò sì fi nǹkan bí mìlímítà kan ààbọ̀ lé sí i. Nítorí náà ihò mìlímítà mẹ́jọ ni mo lu fún súkúrú mìlímítà márùn-ún, mo fi wáṣà rọ́bà sí i, n kò sì dè é le. Sílíkónì tí kì í ta sánsán bí fínígà ni mo fi dí etí rẹ̀. Perspex àtijọ́ tí wọ́n ti dè pinpin ti là láti ibi súkúrú kan kí tínà tó kàn án rárá.

Ọjọ́ 6, oṣù Kínní

Ohun kan wà tí mo dá lábàá tí kò yọrí. Mo rò pé bí mo bá fi awẹ́ Perspex kejì sẹ́yìn gíláàsì àárín, tí àlàfo mìlímítà 12 sì wà láàárín wọn, ojú inú kò ní tutù mọ́. Òótọ́ ni, kò tutù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta, omi wà láàárín àwọn méjèèjì, níbi tí ọwọ́ kò lè dé, nítorí pé àárọ̀ tí afẹ́fẹ́ rin ni mo dí i pa. Mo tú u, mo dúró de ọ̀sán ọyẹ́ kan tí ọ̀rinrin já wá sí ìdá 35, mo kó àwọn àpò kékeré afamimọ́ra tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà tuntun sí i, mo sì tún un dí. Ó pé ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀ kí omi tó tún hàn. Ọkọ̀ ń gbọ̀n, ẹ́ńjìnnì ń mì ín, sílíkónì kò sì lè di àlàfo yẹn mú láìjò. Mo yọ ọ́ kúrò. Fáànù méjì ń ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ 22, oṣù Kínní

Kùrukùru bo ọ̀sà lónìí. Gíláàsì mi mọ́ gaara, mi ò sì rí òpó èbúté tó wà ní ogún mítà sí mi. Èrò ti jókòó, ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣáà ti tún gíláàsì yín ṣe." Mo ní kí wọ́n má bínú, a kò ní gbéra. Fáànù àti tapólì kò lè lé kùrukùru kúrò lójú omi. Oòrùn ló ń lé e, ó sì di aago mẹ́jọ kọjá kí a tó rí òdìkejì. Gẹdú tó já kúrò lára èyí tí wọ́n ń wọ́ lọ lórí omi máa ń léfòó nínú omi yẹn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn apẹja kì í tan iná.

Bí ó bá ká ènìyàn mọ́ agbede ọ̀sà, òfin ìrìnnà ojú omi àgbáyé ti ọdún 1972 ti sọ ohun tí a ó ṣe: kí atukọ̀ máa fi ojú àti etí ṣọ́nà, kí ó rìn ní ìwọ̀nba eré tí yóò jẹ́ kí ó lè dúró, kí ó sì máa fọn fèrè láìjẹ́ kí àlàfo tó wà láàárín fífọn méjì kọjá ìṣẹ́jú méjì. Nítorí etí yìí ni mo ṣe sọ fèrèsé ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ọ̀tún mi di èyí tó ń ṣí, pẹ̀lú ìdè kan péré. Nígbà tí kùrukùru bá wà, mo máa ń ṣí i sílẹ̀, bó ti wù kí otútù mú tó.

Ọjọ́ 3, oṣù Kejì

Ohun tó ṣẹ́kù kò pọ̀. Etí Perspex ọwọ́ ọ̀tún ń jò díẹ̀ bí ìgbì bá nà án, mo sì fẹ́ tún un dí kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Páìpù afẹ́fẹ́ yóò gùn sí i kí ó lè dé igun méjì tó ń funfun lókè. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ń ṣan gíláàsì lálẹ́ báyìí, òun ló ń gbé férémù tapólì lé e, òun náà ló sì ń ká a ní aago mẹ́fà àárọ̀.

Lánàá, a kọjá bàbá apẹja ọjọ́ yẹn níbi tí wọ́n ti ń ju àwọ̀n. Mo ti rí wọn láti òkèèrè, mo dẹ eré ọkọ̀ kí ìgbì má baà da ọkọ̀ wọn rú, wọ́n sì gbé àjẹ̀ wọn sókè kí mi.